Kòkòrò Orí Odi Àtijọ́

Ẹ má bi mí bóyá àgbàlagbà tó ti hewú lè ṣe wèrè nítorí ìyàwó. Ziemowit ṣe é, ó tún ṣe é lórí odi àtijọ́ kan tó ti ń walẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará ìgbàanì ṣe gbé ayé wọn. Odi amọ̀ kan wà lórí òkè lẹ́yìn abúlé wọn, lẹ́bàá odò Nida ní ilẹ̀ Poland, ibẹ̀ ló fi ṣe ilé. Kordula ìyàwó rẹ̀ ò wa nǹkan kan ní tiẹ̀, kòkòrò ló ń kó. Kì í ṣe kòkòrò gidi tí èèyàn lè rí sá fún o, àwọn tíntìntín tó ń gbé inú òdòdó ni, bí ègé òwú dúdú. Yóò gbé àwo funfun sábẹ́ òdòdó, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kó èyí tó bá já bọ́ sínú ìgò. Ó gbà pé ohun tí àwọn ará odi gbìn láyé ọjọ́un lè ṣì máa hù lórí odi wọn, kí kòkòrò rẹ̀ sì máa bá a gbé. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí i, àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Kraków sì ti sọ ọ́ di ẹni à ń fi ṣẹ̀rín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, Kordula sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, fìlà rẹ̀ ti já bọ́ sí ojú ọ̀nà, kò sì padà mú un. Ziemowit ń bó ọ̀dùnkún tí wọn yóò fi wàrà kíkan jẹ. Kordula jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní òun rí òdòdó kan lẹ́yìn odi, irú èyí tó jẹ́ pé pápá ilẹ̀ Hungary ló ń hù sí, kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ní Poland sì wà nínú rẹ̀.

"Ziemek, ẹnì kan ló gbé e wá láyé ọjọ́un," ló wí, bó ṣe máa ń gé orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrú. "Tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀ ni, torí inú erùpẹ̀ ni ọmọ kòkòrò náà máa ń wà kó tó dàgbà. Ta ló máa ru erùpẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ni. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá fún, mo fi orí mi búra."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ziemowit. Ó ní ọ̀dùnkún ló ń yọ̀.

Irọ́ ni. Òun gan-an ló gbé òdòdó náà wá. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó lọ ṣe ìpàdé kan ní Hungary, ó rà á lọ́wọ́ ìyá kan létí títì, torí Kordula ti ń ráhùn pé èsìsì nìkan ló kún orí òkè ọkọ òun. Ó rò ó pé ìyàwó òun á gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan, á sì ṣe kòńgẹ́ òdòdó. Ó gbìn ín tán, orúnkún Kordula bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè gun òkè títí di ọdún yìí. Èèrùn tó tẹ̀ lé e le, Ziemowit rò pé òdòdó náà ti kú, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó máa ń pariwo mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí hóró èso òde òní bá já sínú kòtò rẹ̀!

Ní báyìí, tó bá dákẹ́, Kordula yóò dúró ròyìn òdòdó náà níwájú àwọn ará Kraków, wọn yóò tú àṣírí náà lọ́jọ́ kan, gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ yóò sì di yẹ̀yẹ́. Tó bá sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa ẹ̀rín tó ti pẹ́ tó ti rí kẹ́yìn lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Bó bá ti lanu láti sọ ọ́, yóò gbọ́ tí Kordula ń kọrin nínú balùwẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì padé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Kordula fà á lọ sórí òkè pé kó wá bá òun wo bí gbòǹgbò náà ṣe jìn tó. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti mú ṣọ́bìrì kékeré lọ́wọ́.

"Má wà á," ni Ziemowit wí. "Ike lo máa bá nísàlẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ ò ṣeé bọ́ lọ́jọ́ tí mo gbìn ín."

Kordula ò bú u. Ó gbé ṣọ́bìrì náà lé e lọ́wọ́, ó dá sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Ziemowit hú gbogbo rẹ̀ pátá, tòun ti erùpẹ̀, ó fi ọmọrí dé e sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Nígbà tó délé, oúnjẹ tiẹ̀ wà lórí tábìlì. Kordula jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun máa kọ̀wé sí Kraków pé òun ò ní ohunkóhun láti sọ lọ́dún yìí náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè bó ṣe gbé òdòdó náà wálé lọ́jọ́sí.

Ziemowit ní àárín orúnkún òun ni, nínú ọkọ̀ ojú irin, láti Hungary títí délé. Òun ò tiẹ̀ lè dìde lọ tọ̀.

Kordula bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Ó fa báàkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra.

"Lọ wá ìkòkò gidi fún mi," ló wí. "Mi ò kúkú ṣìnà púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá nìkan ni mo ṣì."