Ta Ni Yóò Dá Ọnọ́rébù Dúró?

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, Ọnọ́rébù ti dìde fùú níbi ìjókòó ẹ̀yìn. "Mo takò ó, Olúwa mi!"

Gbogbo kóòtù yíjú padà. Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó wo aṣọ funfun báláú tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ó ní, "Ọnọ́rébù, ta lẹ ń gba ẹjọ́ rò fún lónìí?"

Ẹ̀rín sọ. Ojú tì í, ó rọra jókòó.

Kò gba ẹjọ́ rò fún ẹnikẹ́ni. Ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbé e wálé. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló fẹ́ kéde pé òun tún máa díje. Ó kàn ní kí awakọ̀ dúró níwájú ilé ẹjọ́, kóun yọjú wo inú ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kó tó di aṣòfin, lọ́yà ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta kọ́kọ́rọ́. Ẹjọ́ ògiri, ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko, ẹjọ́ tọkọtaya tí ò fẹ́ rí ara wọn sójú mọ́. Ìhà yòówù kó dúró sí, obìnrin kan náà ló máa ń wà ní òdìkejì: lọ́yà àgbà kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àtakò. Kì í jẹ́ kí gbólóhùn kan já bọ́. Bí ọkùnrin yìí bá ní "nǹkan bí ìrọ̀lẹ́," á ní ìrọ̀lẹ́ wo? Inú a máa bí i débi pé oúnjẹ ò ní í lọ lọ́fun rẹ̀. Inú bíbí yẹn gan-an ni ọkàn rẹ̀ wá ń fà sí báyìí.

Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, inú kì í bí i. Ó sọ̀rọ̀ lórí afárá tó já nílùú rẹ̀. Àwọn kan ń tẹ fóònù, àwọn kan ń tòògbé. Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Ọnọ́rébù," wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Àtakò ló dúró níwájú ẹlẹ́rìí. Gáùn rẹ̀ ti ṣá, ohùn rẹ̀ ò ṣá. Ó bi í pé, "Nígbà tí ọkùnrin yìí wó ògiri náà, ṣé ó ti mutí yó?" Bẹ́ẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé olùjẹ́jọ́ náà ló wó o. Lọ́yà kékeré tó ń gbẹjọ́ rò fún un, tó yẹ kó takò ó, ń wá bírò nínú àpò. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Ọnọ́rébù ti gbé e dìde.

Nígbà tí kóòtù tú, obìnrin náà wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àbúrò, ìwọ lo tọ̀nà o. Ìbéèrè burúkú ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bi í ni?"

"Mo ti ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀ látìgbà tó o ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń dá mi dúró." Ó tún gáùn ṣe léjìká. "Mo ń borí wọn ṣáá. Kò dùn. Ibi tó o wà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń dá ọ dúró?"

Ọnọ́rébù bojú wo ìta. Awakọ̀ ti ń tẹ fèrè.

Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún fọ́fọ́. Ó gba máìkì, ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti rán mi lọ, mo ti sa gbogbo ipá mi..."

Àtẹ́wọ́ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ń wo ojú wọn láti ìlà iwájú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń dúró kí ẹnì kan bi í pé ipá wo gan-an.

Wọ́n rò pé ayọ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.