Orin Tí Joris Fi Bébà Bo Orúkọ Rẹ̀

Mo ti ta ọtí fún ọ̀mùtí, mo ti ta fún ọlọ́pàá, mo ti ta fún ìkà tó ń lu ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ahun tó tó Joris Vantomme. Ahun owó sàn díẹ̀, ebi ọ̀la ló ń bà á lẹ́rù. Orin ni Joris ń ṣahun rẹ̀, nǹkan tí èèyàn lè fún gbogbo ayé tí kò ní dín.

Ilé ọtí mi wà létí odò nílùú Gent, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, a máa ń ti àwọn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Joris á gbé àpótí àwo orin rẹ̀ dé, á máa fi wọ́n lé ẹ̀rọ fún àwọn tó fẹ́ jó. Kì í ṣe orin orí rédíò. Dísíkò àtijọ́ ni, irú èyí tí ẹnì kan lọ ṣe nílùú kékeré kan, tó tẹ ìwọ̀nba àwo jáde, tí ayé kò sì gbọ́. Joris ló mọ ibi tí wọ́n wà: àjà ilé àwọn opó, ọjà àlòkù, ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ kógbá sílé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, etí rẹ̀ dáa. Ìwà rẹ̀ ló ń rùn.

Gbogbo àwo rẹ̀ ló fi bébà dúdú bò láàárín, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ olórin sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ orin yìí?" á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọba tí tálákà ń tọrọ adé lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ wá tìẹ," ni á wí. Ẹ sáà gbọ́! Ẹni tí kò lè tẹ dùùrù, tí kò lè kọ orin tí ọmọdé lè fi sùn, tí kò tiẹ̀ jó rí lójú mi, òun ló ń fi orin olórin yangàn.

Ọ̀kan wà nínú àwo wọ̀nyẹn tí gbogbo wa máa ń dúró dè. Ọkùnrin kan ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ lóhùn tínrín, bí ẹni tó fẹ́ sunkún ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà fún un, tó ṣáà ń jó. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà nídìí wàràkàṣì á ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Joris a máa ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa bí àlùfáà, pé ọ̀rọ̀ òṣùpá àti ìfẹ́ tó kú ni.

Hilke, nọ́ọ̀sì kan tí kì í pa ọjọ́ ijó jẹ, ló fi fóònù gba díẹ̀ nínú orin náà sílẹ̀, tó gbé e sórí ayélujára: "Ta ló mọ èyí?" Nígbà tí Joris gbọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Olè ni ẹ́!"

"Kí ni mo jí? Àwo ẹ ṣì wà níbẹ̀. Àbí mo gbọ́ ọ títí tó fi tán ni?"

Kò pẹ́, ẹnì kan fèsì láti ìlú Roeselare. Arúgbó ni, Achiel Deseyn lorúkọ rẹ̀. Ó ní ohùn Maurits àbúrò òun ni. Nígbà èwe wọn, inú gáréèjì bàbá wọn ni wọ́n ti ṣe é, Maurits ń kọrin, òun ń lùlù. Maurits ti kú. Àwọn àwo tó kù sílé, omi ló wọlé bà wọ́n jẹ́. Ó bi wá bóyá òun lè wá gbọ́ àwo náà gan-an látòkèdélẹ̀.

Mo pe Joris.

"Ẹ̀gbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Wàá fi àwo náà sí i fún un, àbí?"

"Lieve, bí mo bá ṣe é fún ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa wá. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tún un tẹ̀, ọmọkọ́mọ á wá máa ní in nílé. Kí ló máa kù fún mi?"

"Orin náà ni."

Ó wò mí bíi pé èdè ẹyẹ ni mo sọ.

Achiel dé tòun tọ̀pá. Kóòtù rẹ̀ ti gbó ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì ti fi abẹ ge ara rẹ̀ lágbọ̀n níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Mo fi í jókòó sítòsí ẹ̀rọ. Joris ò kí i. Ó fi àwo kan lé e, ó yọ ọ́, ó fi òmíràn lé e. Gbogbo ìgbà tó bá ti kiwọ́ bọ àpótí, bàbá á na ọrùn. Kì í ṣe èyí. Èyí náà kọ́. Hilke lọ bẹ̀ ẹ́, Joris ní òun gbàgbé àwo náà sílé. Irọ́ gbuu! Mo ń rí páálí rẹ̀ láti ìdí káńtà, igun rẹ̀ tó ya ni mo fi dá a mọ̀.

Mo ti gbẹ́sẹ̀ láti lọ fọwọ́ ara mi yọ ọ́ nígbà tí Hilke pa ẹ̀rọ. Ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó ń pàtẹ́wọ́, ó sì ń fẹnu ṣe ìró jìtá tó máa ń ṣáájú orin náà: gbùm, gbù-gbùm. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro bá a gbè é, lẹ́yìn náà àwọn ìyàwó ilé tó wà lójú fèrèsé. Kí a tó mọ̀, gbogbo ilé ti gbà á. Ohùn wa ò dáa rárá, apá kan ń sáré, apá kejì ń wọ́ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n orin náà ni. À ń kọ ọ́, à ń jó o. Ṣíbí ni mo fi ń lu gíláàsì níbi tí agogo ti máa ń dún.

Bàbá ò sunkún bí mo ṣe rò. Ẹ̀rín ló ń rín, ó rín títí ó fi di ikùn mú.

"Kí lẹ̀ ń kọ yẹn?"

Hilke ka ọ̀rọ̀ orin náà fún un bí a ṣe ń gbọ́ ọ, tòṣùpá tòṣùpá.

"Òṣùpá wo? Maurits ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan! Ó kàn ń ṣe ohùn bí ará Amẹ́ríkà ni, ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ. Ibi tí ẹ ń pè ní òṣùpá yẹn, orúkọ ajá wa ló ń pè."

"Irọ́ ni," Joris pariwo. "Orin ìfẹ́ ni!"

Bàbá yíjú sí i pẹ̀lẹ́. "Ọ̀gá, ajá ni."

Ẹ̀rín fẹ́ wó ilé lé wa lórí. Joris bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ àpótí rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó bá a gbé e. Lẹ́nu ọ̀nà ó yíjú padà.

"Ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́ láyé yín!"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán ni," mo dá a lóhùn. "Rọra ti ilẹ̀kùn, má sì padà wá."

Bàbá Achiel ò tiẹ̀ wò ó. Ó ń sọ fún Hilke pé à ń sáré jù, pé orin náà ní láti máa fà díẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni tó pẹ́ dé ṣùgbọ́n tí ojú ò tì í. Ó fa tábìlì kan mọ́ra, ó gbé ìka lé e bí onílù, ó ní ká tún un bẹ̀rẹ̀.