Ibi Méje Tí Ìrètíolúwa Fẹ́ràn

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá, n kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́ fún ẹnikẹ́ni lórí àmì ohùn. Bí ọmọ bá kọ "igba" láìfi àmì sí i, màá bi í bóyá igbá tí ìyá rẹ̀ fi ń bu omi ló ń sọ ni, àbí ìgbà tí wọ́n bí i. Àwọn ọmọ Kudeti, àdúgbò wa ní Ìbàdàn, sọ mí ní Tíṣà Alámì. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè yẹn, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó ní ìfun Deborah, ìyàwó mi, ti dí, àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ náà bá fi kọjá, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n tètè ṣe é. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ wa ló kù sí. Màmá ni wọ́n kọ̀ tí wọn ò fọwọ́ síwèé."

Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Bàbá Ìrètí," ó ní, "mo fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá fọwọ́ sí i. Bí n kò bá gbọ́ ọ, ẹ máa gbé mi lọ sílé."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo jágbe mọ́ ọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo pe alùfáà ìjọ wa lórí fóònù pé kó bá a sọ̀rọ̀. Ó gbàdúrà gígùn fún un, Deborah ṣe àmín, ó dá fóònù padà fún mi, ó tún ní ohùn ọmọ òun lòun fẹ́ gbọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ò mọ bí a ṣe lè rí Ìrètíolúwa. Òun nìkan la bí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló fi Ìbàdàn sílẹ̀, tó lọ ń dáná ní ilé àlejò kan ní Ìdí-Àgbọn, erékùṣù kékeré kan létí òkun tí àwọn èèyàn máa ń lọ ṣe fàájì. Inú mi ò dùn sí i rárá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó kàwé yanjú, tí kò tíì lọ́kọ, òun ló ní òkun wu òun. Mo sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ pé ọjọ́ kan ni a máa gbọ́ pé ó ti fẹ́ ẹnìkan tí a ò mọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó lo bí oṣù mẹ́jọ, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn kan ránṣẹ́ sí mi. Yorùbá ló fi kọ ọ́, láìsí àmì kan ṣoṣo. "Dadi mi, ibi meje ti mo feran ju ni ilu yii niyi." Ibẹ̀ ló ti ń bí mi nínú. Mo ń sáré kà á, mo ń fi àmì sí i lọ́kàn ara mi, títí mo fi dé ibi tó ti kọ ọ́ pé: "Ikeje ni ile oko mi."

Ilé ọkọ mi. N kò ka ọ̀rọ̀ kan kún un. Ohun tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tó ti lọ ló dé yẹn. Mo dá a lóhùn pé, "A ti gbọ́. Máa gbádùn rẹ̀ lọ," mo sì ti nọ́ńbà rẹ̀ pa kó má lè pè mí mọ́. Mo pe ìyá rẹ̀, mo ní, "Ọmọ rẹ ti wà nílé ọkọ. Kò kà wá sí." Deborah ní kí òun fojú ara òun rí i. Mo ní mo ti pa á rẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ọmọ náà pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní kò gbọdọ̀ gbé e, ó ń sunkún, kò sì gbé e. Nígbà tí oṣù mẹ́fà kọjá tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, òun fúnra rẹ̀ pè é. Nọ́ńbà náà ò lọ mọ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi wá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ìrètí ńkọ́, a máa ní ó wà dáadáa.

Ibi tí mo jókòó sí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Deborah ni mo ti rántí fóònù tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ó ti kú láti ọdún tó kọjá, ó wà nínú àpótí nílé. Mo rò ó pé orúkọ ọkọ rẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti mọ orúkọ ọkọ, mo ti rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sáré lọ sí Kudeti, mo mú un, mo gun ọ̀kadà lọ bá Sàídì tó ń tún fóònù ṣe ní Bẹẹrẹ. Ó ti ń lọ sí ọmọ ogójì ọdún báyìí, àmọ́ èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tó wà ní ìwé karùn-ún.

"Tíṣà Alámì!" ó ní. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ wá jókòó."

"N kò lè jókòó. Bá mi jí fóònù yìí."

Ó yí i síwá sẹ́yìn. "Bátìrì ẹ̀ ti wú. Ojú ẹ̀ náà ti fọ́. Ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la."

"Kò sí ọ̀la!" Obìnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú wò mí. "Ìyá Ìrètí wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Aago mẹ́rin ni wọ́n fún wa."

Kò tún bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé iṣẹ́ tó ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú tèmi. Bátìrì àkọ́kọ́ tó fi sí i kò bá a mu. Ó dìde lọ wá òmíràn lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lódìkejì títì, ó pẹ́ kó tó dé. Èmi dúró, mo jókòó, mo tún dúró. Aago méjìlá kọjá. Nọ́ọ̀sì pè mí pé Deborah tún ti bì, pé kò tíì gbà láti fọwọ́ síwèé. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rí àdúrà kankan gbà ju "Olúwa, jọ̀ọ́, Olúwa, jọ̀ọ́" lọ.

Aago kan ti kọjá kí fóònù náà tó tàn. Apá kan ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, mo sì ti gbàgbé awò ojú mi sí ilé ìwòsàn.

"Kà á fún mi," mo ní.

"Èmi, Tíṣà? Èmi tí ẹ fún ní méjì nínú mẹ́wàá?"

"Sàídì, kà á!"

Ó sún un mọ́jú, ó bẹ̀rẹ̀. "'Dádì mi, ibi méje tí mo fẹ́ràn jù ní ìlú yìí nìyí. Ìkíní ni èbúté. Awakọ̀ ò ní tan ẹ́ńjìnnì títí gbogbo èrò inú ọkọ̀ á fi dárúkọ fún ara wọn. Ó ní òun kì í gbé àjèjì kọjá omi. Ìkejì ni ibi tí bàbá onígbàjámọ̀ gbé àga sí lórí iyanrìn. Ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ọkùnrin tó gbé orí ààbọ̀ lọ sílé nítorí pé omi dé. Ìkẹta ni pápá bọ́ọ̀lù. Bí òkun bá ti wọ pápá, eré parí, ẹni tó bá ń borí lọ́wọ́ ló gbà á. Ìkẹrin ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Aládùúrà. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí omi bá wọlé bá wọn, àwọn akọrin á ká aṣọ wọn sókè, orin ò ní dúró. Ìkarùn-ún ni ọ̀dọ̀ Màámi Comfort tó ń yan ẹja. Wọn kì í tà fún ẹni tó bá ń bínú. Dádì, ẹ ó ṣe sùúrù o, kẹ́ ẹ tó lè jẹ ẹja níbẹ̀.'"

Sàídì rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa kà á lọ.

"'Ìkẹfà ni ṣọ́ọ̀bù David, níbi tí gbogbo ìlú ti ń gba iná sí fóònù. Bí wọ́n bá ń wá èèyàn, David ni wọ́n ń pè, á sì máa figbe pe onítọ̀hún títí á fi jáde. Ìkeje ni ilé ọkọ̀ mi.'"

"Ilé ọkọ," mo ní. "Ohùn àárín ni méjèèjì. Ilé ọkọ mi."

Sàídì gbójú sókè. "Ọkọ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ n kà á tán. 'Ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni. Wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n gé ilẹ̀kùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni mò ń sùn. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan míì. Mo ti wá bẹ́ẹ̀dì kan síbẹ̀ fún ẹ̀yin àti Mọ́mì. Ẹ wá bá mi ṣe Àjíǹde. Màá máa wò yín ní èbúté láti Sátidé. Bí nọ́ńbà mi ò bá lọ, ẹ pe David.' Nọ́ńbà ẹ̀ nìyí."

Àjíǹde ọdún kejì sẹ́yìn ló ń sọ. Ojú tì mí bí ojú ò ṣe tì mí rí láyé mi. Ìlà kan ló kù kí n kà, kí ọ̀rọ̀ náà sì yé mi, n kò kà á.

A pe David. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta.

"Anti Ìrètí onílé ọkọ̀? Wọ́n ti sọdá lọ sọ́jà. Ọkọ̀ wọn á dé láago mẹ́ta."

Mo gun ọ̀kadà padà sí ilé ìwòsàn, a gba Òkè Padre. Ní aago mẹ́ta mo ti wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo sì pe David. Ọkọ̀ ò tíì dé. Mo pè é lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì dé. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó wo ojú mi, ó jáde. Deborah di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, ara ń ro ó. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni mo tún pè é, mo gbọ́ igbe David, mo gbọ́ ìró òkun, mo gbọ́ ẹnìkan tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Ta ló kú?" ni ọ̀rọ̀ tí Ìrètí kọ́kọ́ sọ.

Deborah já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni. Ìrètí, èmi ni."

Àwọn méjèèjì sunkún. Ohùn ọmọ náà ń jáde ketekete, mo ń gbọ́ ọ.

"Mọ́mì, mo dúró dè yín. Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè. Gbogbo ọkọ̀ tó dé ni mo lọ wò."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Àjíǹde tí mo ní kẹ́ ẹ wá. Mo kọ ọ́ sí Dádì."

Deborah bi í, "Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ọkọ wo, Mọ́mì?"

Deborah yíjú sí mi. Kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà. Mo ní, "Ilé ọkọ̀ ló kọ. Ilé ọkọ ni mo kà. N kò sì kà á tán. N kò pa á rẹ́ nígbà yẹn, irọ́ ni mo pa fún ọ."

Ó gbé fóònù padà sétí. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ bọ̀ láàárọ̀, pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun. Ó na ọwọ́ gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ti padà wọlé, ó fọwọ́ síwèé.

"Ó ku orúkọ ẹni tó sún mọ́ yín jù, Mọ́mì," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹni tí a máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ṣé ká kọ Bàbá?"

"Rárá," Deborah ní. "Ẹ kọ ọmọ mi."

Wọ́n ń tì í lọ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ọmọ náà. Nọ́ńbà David ni mo ní. Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ.