Fóònù Ẹsẹ̀ Pẹpẹ

Jésùtófínmi pàdánù àyè rẹ̀ ní yunifásítì nítorí pé ìyá rẹ̀ mú un lọ dúpẹ́ lórí òkè.

Abímbọ́lá ni ìyá náà. Ará Ìkirè ni òun àti ọkọ rẹ̀. Oko kòkó olóko ni wọ́n ń ṣe ní Aládé, lẹ́bàá Ìdànrè. Wọn kò lówó tí wọn yóò fi sanwó ẹ̀kọ́ àfikún fún ọmọ. Abẹ́ àtíbàbà ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ ni Bùọ̀dá Àkàndé, télọ̀ àdúgbò, ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n bá ti oko dé. Ọdún mẹ́ta ni Jésùtófínmi fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ kó tó yege Jáǹbù, ìdánwò àtiwọ yunifásítì.

Ọ̀sẹ̀ tí yunifásítì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn ọmọ fún àyẹ̀wò ìgbaniwọlé gan-an ni Abímbọ́lá ní àwọn máa gun Òkè Ìdànrè fún ọjọ́ méje. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é ná," ni Àkàndé wí. "Òkè ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá yín. Kò níí sá lọ."

"Bùọ̀dá, ẹ máa rán aṣọ yín. Ẹni tó ṣe é fún wa la fẹ́ lọ kí."

"Ẹ wá fi fóònù sílẹ̀ fún mi."

"Ó ti wà lẹ́sẹ̀ pẹpẹ ìjọ pẹ̀lú ìwé èsì. Wòlíì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀."

Jésùtófínmi wo tíṣà rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì tẹ̀lé e. Wọ́n gun àtẹ̀gùn òkè náà láìwọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Fúráìdè, bátìrì ti kú. Wọ́n fi fóònù síná, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: kí ọmọ wá sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ Túsìdeè tó ti kọjá.

Àkàndé ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá wọn lọ sí yunifásítì ní Àkúrẹ́. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Àyè yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, mà."

Bàbá ọmọ kò gbà kó tún dúró de ọdún tó ń bọ̀. "Èmi àti ta ni á máa fọ́ kòkó?"

Àdá ni Jésùtófínmi ń mú lọ́wọ́ báyìí. Ó ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àkúrẹ́, kò tíì pè é ní Màámi.