Òwú Tó Wà Lábẹ́ Ahọ́n Gbajúmọ̀

Nígbà tí Màmá ti ìrìn àjò dé, kò béèrè ọmọ rẹ̀, kò béèrè ọkọ ọmọ rẹ̀, kò sì tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi béèrè ológbò rẹ̀.

“Gbajúmọ̀ mi dà?”

Télọ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀, gbé orí sókè lẹ́nu iṣẹ́. Yàrá iwájú ilé ni ó sọ di ṣọ́ọ̀bù: máṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ láàárín, aṣọ àwọn oníbàárà lára ògiri bí ẹni tó tò síbẹ̀ tó ń dúró de ìpè.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Ó wà lábẹ́ tábìlì níbí. Irun ló tún ń yọ ọ́ lẹ́nu.”

“Irun kẹ̀? Ṣé o ń yà á láràárọ̀ bí mo ṣe sọ?”

“Mò ń yà á, Màmá. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ìwà rẹ̀. Bí mo bá ya apá ọ̀tún, apá òsì ni yóò máa lá, àfi bí ẹni tó rí oyin.”

Kì í ṣe irọ́ ni Télọ̀ pa. Ológbò funfun onírun gígùn ni Gbajúmọ̀, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í sinmi lára ara rẹ̀. Nínú ilé yìí, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, kò sí ẹni tí í yíjú wò ó. Yóò na ọrùn, yóò fi àyà lélẹ̀, ikùn rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò, yóò sì pọ irun tó ti dì bí ìka ọwọ́ sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yan lọ bí ìjòyè tó ti sọ tirẹ̀ tán nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èébì ń gbé e, kò rí irun kankan pọ̀. Ìfóòfó pupa rúsúrúsú lásán ni.

Màmá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. “Ó ti jẹun?”

“Kò fẹnu kàn án láti àná.”

“Ó ti yàgbẹ́?”

“Yanrìn rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.”

“Àná! Láti àná ni ológbò mi ti ń gbààwẹ̀, ìwọ sì jókòó, ò ń rán ṣòkòtò!”

“Màmá, ṣòkòtò ọkọ ìyàwó ni. Ọ̀la ni yóò wọ̀ ọ́.”

“Kí ọkọ ìyàwó ró ìró. Lọ bu òróró wá, kí irun náà lè yọ̀ jáde.”

Télọ̀ bu òróró sínú ṣíbí. Màmá fi aṣọ àlòkù wé Gbajúmọ̀, ó gbé e lé itan, ó fi àtàǹpàkò la ẹnu rẹ̀. “Tan iná fóònù rẹ sí i. Kí ni mo rí nídìí ahọ́n yẹn?”

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ohun tó rí kò ju pupa ẹnu àti funfun eyín lọ, gbogbo rẹ̀ dàrú pọ̀ bí ohun tí a ń wò láti inú èéfín. “Irun ni, Màmá.”

“Irun búlúù? Lára ológbò funfun? Òwú ni! Òwú ló lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ.”

Ẹni tó bá mọ Télọ̀ yóò mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yìí kì í rí òwú kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní orí ìlà ní báńkì, bí fọ́nrán kan bá yọ léjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀, tí ìka rẹ̀ sì kàn án, yóò fà á já, yóò sì tọrọ gáfárà lẹ́yìn náà. Kí Màmá tó pa ẹnu dé, ìka Télọ̀ ti wọ ẹnu ológbò, èékánná méjì ti há òwú náà mọ́, ó sì ti fà á.

Gbajúmọ̀ ké. Kì í ṣe igbe ìbínú tí í máa ń ké bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nírù. Igbe tínrín kan ni, bí ti ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ká kò, ikùn rẹ̀ sì le bí pákó.

Télọ̀ jọ̀wọ́ òwú náà bí ẹni tí iná jó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ṣẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Bí télọ̀ bá fẹ́ kí ìdí síkẹ́ẹ̀tì ṣẹ́, yóò sá òwú sí i yí ká, yóò dá ìdí òwú náà dúró lápá kan, yóò sì fà á lápá kejì. Gbogbo aṣọ yóò sì sún jọ wìnnìwìnnì. Bí ó ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìfun Gbajúmọ̀ ni aṣọ.

“Kí lo ṣe fún un?”

“Mo kàn fà á díẹ̀ ni, Màmá.”

“Ta ló ní kí o fà á? Ṣé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni wọ́n sọ fún ọ pé ó jẹ́ ni?”

“Ẹ jẹ́ kí n gé ìyókù kúrò.”

“Fi sáàsì yẹn sílẹ̀! Má gé ohunkóhun. Bá mi pe Dókítà.”

Dókítà ẹranko tó máa ń fún Gbajúmọ̀ ní àjẹsára gbé fóònù kíá. Bí ó ti gbọ́ òwú ni ohùn rẹ̀ yí padà. “Màmá, ẹ gbọ́ mi o. Kí ẹnikẹ́ni má fà á mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má gé e. Ẹ má fún un ní òróró, ẹ má fún un lómi. Ẹ máa gbé e bọ̀ báyìí.”

“Ṣé kì í ṣe irun ni, Dókítà?”

“Irun lè wà níbẹ̀. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ máa bọ̀.”

Nínú takisí, inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ni wọ́n tẹ́ Gbajúmọ̀ sí. Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, Télọ̀ sì di ẹsẹ̀ iwájú ológbò mú kó má baà fi èékánná fa òwú náà.

“Ìwọ tí mo ń fi yangàn!” ni Màmá wí, ojú rẹ̀ lọ́nà. “Ilé àbúrò mi tí mo ti ń bọ̀ yìí, mo sọ fún wọn títí ó fi sú wọn: ọkọ ọmọ mi lè fa òwú sí ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Òwú sì wà níwájú rẹ gbangba, o pè é ní irun!”

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“N kò tíì bínú. Ìbínú ṣì ń bọ̀ lọ́nà.”

Ọ̀rọ̀ wà nínú Télọ̀ tí kò ṣeé sọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú sí ohun kékeré. Láràárọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́, òun ni í fa òwú sí abẹ́rẹ́, tí í sì í gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré orí tábìlì, òwú búlúù lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, kí ọkọ rẹ̀ má baà máa ta ràrà níwájú oníbàárà. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní àná, ọwọ́ rẹ̀ wá abẹ́rẹ́ olówùú búlúù tó gbẹ̀yìn lára tìmùtìmù, kò bá a. Ó fi òòfà tí í gbé abẹ́rẹ́ fa gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òòfà kò gbé nǹkan kan. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ìyàwó òun ni kò fa òwú sí abẹ́rẹ́ tó iye ti àtẹ̀yìnwá. Irọ́ tí ènìyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí tó máa já a.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Dókítà gbé Gbajúmọ̀ sórí tábìlì irin. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó fọwọ́ tẹ ikùn ológbò náà jẹ́jẹ́, ó tún un tẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro.

“Ìfun rẹ̀ ti ṣẹ́ jọ sórí òwú náà. Láti àná?”

“Láti àná,” ni Màmá dáhùn, ó sì wo Télọ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

“Ẹ jókòó, Màmá.”

“Mo fẹ́ dúró. Sọ ọ́ bó ṣe rí.”

“Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara bàjẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe kò tíì dé. Nítorí náà, ẹnu yín ni màá gbọ́. Bí ó bá jẹ́ òwú nìkan, màá gé e lábẹ́ ahọ́n, màá fa omi sí i lára, a ó sì máa ṣọ́ ọ. Ó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ohun tó wù mí nìyẹn, torí pé Gbajúmọ̀ ti dàgbà, ọkàn rẹ̀ kò sì lágbára. Bí mo bá fún un ní oògùn oorun, ó lè sùn má jí.”

“Bí kò bá sì jẹ́ òwú nìkan ńkọ́?”

“Bí abẹ́rẹ́ bá wà nídìí rẹ̀, Màmá, òwú tó há lábẹ́ ahọ́n yìí ni kò jẹ́ kó rìn. Bí mo bá gé e, abẹ́rẹ́ yóò máa lọ, yóò gún ìfun yọ, kò sì ní pẹ́ tí gbogbo inú rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. A jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ la ikùn rẹ̀ báyìí nìyẹn. Ọ̀gá Télọ̀, ṣé abẹ́rẹ́ wà nídìí òwú yìí?”

Kí Télọ̀ tó la ẹnu, Màmá ti bá a dáhùn. “Kò sí! Abẹ́rẹ́ kì í sọnù lọ́wọ́ ọkọ ọmọ mi. Ojú àwòdì ló ní.”

“Ọ̀gá Télọ̀?”

Bí Télọ̀ bá sọ pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, tí Dókítà la inú ológbò tí kò sì rí i, tí Gbajúmọ̀ sì sùn má jí, òun ló pa á. Bí ó bá dákẹ́, tí abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀, òun náà ló pa á. Dókítà kà á sí pé ọ̀rọ̀ Màmá ti tó. Ó mú sáàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó la ẹnu Gbajúmọ̀, ojú sáàsì sì wọlé lọ sí ìdí ahọ́n.

“Ẹ dúró!” ni Télọ̀ pariwo. “Ẹ má gé e. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.”

Sáàsì dúró. Màmá yíjú. “O rí i ni?”

“N kò rí i, Màmá. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn: n kò rí abẹ́rẹ́ mọ́. Bí ọwọ́ mi kò bá kàn án, n kò lè mọ ibi tó wà. Ọmọ yín ló ń bá mi fa òwú sí i láràárọ̀. Ọ̀kan sọnù lánàá. Mo wá a, n kò rí i, mo sì dákẹ́.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà òjò.”

“Láti ìgbà òjò! Èmi sì ń fi ọ́ búra káàkiri ilé ayé!”

Dókítà ti gbé sáàsì kalẹ̀. “Irú òwú wo ni, Ọ̀gá Télọ̀?”

“Òwú ọ̀rá. Kì í já bọ̀rọ̀, kì í sì í jẹrà. Ó gùn tó apá mi, ìṣẹ́po méjì, ó sì ní kókó.”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ológbò. N kò lè la inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i.”

Màmá sún mọ́ Télọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi rí ojú rẹ̀ kedere. “Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Màmá.”

“Ojú wo? Èyí tí kò ríran yìí?”

“Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, Màmá. Èmi ni mo fà á. Òwú tí kò ní nǹkan nídìí a máa yọ̀ tẹ̀lé ọwọ́. Èyí kọ́ nǹkan lọ́hùn-ún, ó dì í mú.”

Ìyá àgbà náà mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí Gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kúrò nídìí tábìlì. “Dókítà, là á.”

Lórí ìjókòó onígi tó wà níwájú yàrá iṣẹ́ abẹ, àna méjèèjì jókòó láì fara kanra. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irin ń dún lára irin. Màmá ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Bí ó bá kú…”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bí ó bá kú, n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n, kí o má baà rò pé ọ̀fun ló ń dùn mí.”

“Mo gbọ́, Màmá.”

“Bí kò bá sì kú, màá bá ọ sọ̀rọ̀ ju bí o ṣe fẹ́ lọ.”

“Èyí tí mò ń tọrọ nìyẹn.”

“Má tíì tọrọ rẹ̀. O kò tíì mọ ohun tí màá sọ.”

Irin dákẹ́. Ìdákẹ́ náà wá burú ju ariwo lọ. Télọ̀ ń fi ìka tọ etí ẹ̀wù ara rẹ̀, ó ń wá fọ́nrán tí yóò fà, ó rántí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Nígbà tí Dókítà jáde, àwo irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni òṣùṣù irun funfun kan wà, òwú búlúù lọ́ mọ́ ọn yí ká, abẹ́rẹ́ sì yọrí ní ẹ̀gbẹ́ kan.

“Irun wà níbẹ̀ lóòótọ́, Màmá, òwú ló dè é mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti kọ́ ara ìfun, kò tíì gún un yọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìfun náà ti ń dúdú. Bí mo ti yọ òwú tán, ẹ̀jẹ̀ padà sí i, ó sì pọ́n.”

“Ó ń mí?”

“Ó ń mí. Àmọ́ kò tíì jí. Bí ó bá jí, tó mu omi lọ́la, tí omi náà sì dúró nínú rẹ̀, a ó lè sọ pé a bọ́.”

Gbajúmọ̀ jí kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n padà lọ síbẹ̀ láti wo omi yẹn. Dókítà fi ṣíbí kékeré kán omi sí i lẹ́nu nínú àgò rẹ̀. Ológbò náà lá a, ó tún un lá. Lẹ́yìn náà ni Télọ̀ gbọ́ ìró kan tí gbogbo ilé wọn mọ̀: ọ̀fun tó ń gbìyànjú láti bì.

“Màmá, kí ló ń ṣe? N kò rí i dáadáa. Ẹ bá mi sọ ọ́.”

“Dákẹ́, kí n lè wò ó.” Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ó na ọrùn. Ó fi àyà lélẹ̀. Ikùn rẹ̀ ń lọ sókè… ó tún ń lọ sókè…”

“Ó ń pọ̀ ọ́?”

“Dúró.”

“Màmá!”

“Mo ní kí o dúró. Ó gbé e mì. Ó ti gbé e mì o! Ó ń lá ètè.”

“Omi náà dúró?”

“Ó dúró. Ó ti gbé orí sókè báyìí, ó ń wò ọ́.” Màmá kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. “Ojú burúkú ló sì fi ń wò ọ́.”