Ẹ̀rọ Tuntun Kò Ní Wàhálà

Ẹni tó bá bi Ọ̀gá-àgbà pé ṣé àlàáfíà ni, èsì kan ṣoṣo ló máa gbà: "A dúpẹ́." Ilé ìbáà jó, òrùlé ìbáà ṣí, a dúpẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í ṣe ẹ̀rín títí ọkọ fi fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá iléèwé. Nígbà tí jẹjẹrẹ wá mú ọkọ náà ní ìfun ìdí, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

Ẹ̀rọ méjì ni ilé ìwòsàn fi ń ta ìtànṣán sí irú àìsàn yìí. Ti àtijọ́ a máa da ìtànṣán bo gbogbo ibàdí. Ti tuntun a máa yí èèyàn po, a sì máa gbìyànjú láti yẹra fún ìfun àti àpòòtọ̀ tí kò ṣẹ̀. Dókítà wọn ń fi ìpalára tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe wéra. Ti tuntun ni wọ́n fún Ọ̀gá-àgbà, ó sì gbà á bí ẹni gba oyè. Ti àtijọ́ ni wọ́n fún Jórinjórin tó ń jó irin ládùúgbò wọn.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, níwájú gbogbo aláìsàn ẹ̀rọ méjèèjì àti àwọn ìyàwó wọn, ọ̀dọ̀ Jórinjórin ni Dókítà ti bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà, ìdí mi ti bó tán! Bí mo bá ń tọ̀, bí ẹni ń tọ iná ni. Ìgbẹ́ gbuuru ò sì jẹ́ n sùn."

Nọ́ọ̀sì kó oògùn àti ìpara fún un. Ọ̀gá-àgbà yínmú.

"Ọ̀rọ̀ ìdí láàárín gbogbo èèyàn! Àìlẹ́kọ̀ọ́ ò dáa."

Dókítà yíjú sí i. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ara yá?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Dáadáa ni." Orí ìdúró ló ti sọ ọ́, nítorí kò lè jókòó mọ́.

Inú Dókítà dùn. "Ẹ ò rí nǹkan! Kò sẹ́ni tó ráhùn nínú ẹ̀yin ti ẹ̀rọ tuntun. Bàbá, oògùn jẹjẹrẹ oníhóró tí mo dín kù fún yín nítorí ọjọ́ orí, a ó dá a padà sí kíkún lọ́la."

Àyà ìyàwó Ọ̀gá-àgbà já. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn pé oògùn yẹn fúnra rẹ̀ a máa fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọkùnrin tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, tó ti fi ìṣó lu ihò mìíràn sí bẹ́líìtì! Ọkọ rẹ̀ ti mú un búra pé kò ní sọ ohun tó ń rí nílé síta. Ojú tì í, inú bí i, àánú ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe é. Ṣé kó wá tìtorí ìbúra di opó? Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó kó ṣòkòtò mímọ́ jáde, ó sì gbé ọ̀rá kan tí wọ́n so lẹ́nu lé tábìlì.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Ṣòkòtò tó wà nínú ọ̀rá yìí ni wọ́n wọ̀ kúrò nílé láàárọ̀. Èmi ni mò ń fọ 'A dúpẹ́' tẹ́ ẹ̀ ń kọ sílẹ̀."

"Ìwọ obìnrin yìí!" Ọ̀gá-àgbà fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ iléèwé pé kí wọ́n má sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sáré.

Jórinjórin fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún un. "Ọwọ́ ọ̀tún, sà! Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ò ṣeé tì, ẹ wọ ìkejì!"

Nígbà tó padà, Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀rọ tuntun lè dín ìpalára kù, kò ní kó má sí rárá. Bá ò bá mọ̀, a ò lè tọ́jú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yá?"

"A..." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò yá, ọmọ mi. Ó ń pa mí lọ."

Dókítà fagi lé oògùn kíkún náà, ó ní kí wọ́n fa omi sí i lára kíákíá. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọkùnrin ẹ̀rọ tuntun yòókù. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àpò kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin bàbá, kí ló wà nínú àpò yẹn?"

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Àwọn ìyàwó wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tú okùn àpò.