Ajere Mẹ́ta Lókè Tábìlì Kaothar

Bí Àlàmú bá ń kọjá ní Oregun, kò sí ilé iṣẹ́ tí kò ní nawọ́ sí, kó ní, "Èmi ni mo fa iná ibí yìí." Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀ tirẹ̀ ní Agége, gílóòbù kan ṣoṣo ló rọ̀ sórí wáyà tó ti pọ́n bí eyín olóbì, láìní ìbòrí kankan. Bí Kaothar ìyàwó rẹ̀ bá sọ ọ́, á ní, "Ìyá Màrdíyyàh, ó di Àìkú tó ń bọ̀." Màrdíyyàh ọmọ wọn wọ yunifásítì, ó kù díẹ̀ kó ṣe tán, Àìkú ọ̀hún kò tíì dé.

Kaothar kò bá a jà. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ojú ìyá Àlàmú. Màmá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó, àwọn dókítà bá wọn yọ ohun funfun tó bo ẹyinjú wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, wọ́n sì ń gbádùn ọ̀sán. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí wọ́n tan gílóòbù ìhòòhò yẹn, Màmá á gbé jígí dúdú wọ̀. Wọ́n ń fi í jẹun, wọ́n ń fi í kírun Magaribi.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí lálẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n ń fọwọ́ wá eegun ẹja nínú abọ́, "iná yín yìí ń gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ojú mi ti là. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀, bí mi ò bá rí ojú ẹni tí mò ń bá jẹun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kaothar lára.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìkòkò àti abọ́ alumíníọ̀mù ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó mú ajere kan tí ètè rẹ̀ ti wọ́ láàárín àwọn alábùkù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ láti mú, irú èyí tí a fi ń sẹ́ ìrẹsì. Ó gbé e sókè sójú fèrèsé. Oòrùn gba inú ihò rẹ̀ kọjá, ó sì fọ́n kín-ín-kín-ín sára híjáàbù rẹ̀. Ojú Màmá sọ sí i lọ́kàn. Ó mú méjì sí i, ó sì gbé wọn tọ Akínfẹ́nwá lọ, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìlu-irin.

"Jọ̀ọ́, bá mi lu ihò kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Akínfẹ́nwá wo ajere, ó wo Kaothar. "Ohun tó ti ní igba ihò lára? Àǹtí, ṣé òkúta lẹ fẹ́ fi sẹ́ ni?"

"Ṣáà lù ú. Kó gba ìka kan."

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi tún wọn ṣe lẹ́yìnkùlé. Ó fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kun ẹ̀yìn wọn, ó fi funfun kun inú wọn kí iná lè rọ̀. Ó gé rọ́bà sílípáàsì tó ti já, ó fi ṣe òrùka sójú ihò, kí etí irin má baà gé wáyà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Àlàmú ní iṣẹ́ ní Aláúsá. Bó ti jáde báyìí, Kaothar pa súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ó gbé àkàbà wọlé, ó sì fi tẹ́sítà ọkọ rẹ̀ yẹ wáyà òkè wò kó tó fọwọ́ kàn án. Màmá fìdí kalẹ̀, wọ́n ń wòran.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní a kì í fi ajere pọnmi. Èyí tí o ń gbé ròkè yìí ńkọ́? Ṣé omi òjò lo fẹ́ fi gbà?"

"Màmá, ẹ ṣáà máa wò ó," ni Kaothar fẹ̀rín dáhùn.

Ara igi òrùlé ló de ìkọ́ irin mẹ́ta mọ́, kì í ṣe ara páálí sílíìnì. Ó yọ gílóòbù ìhòòhò náà, ó fa wáyà tuntun láti ibẹ̀ dé ara ìkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ta á ní kókó nínú ajere kọ̀ọ̀kan, kí ẹrù má baà fà á yọ. Ó ní kí Màmá súnmọ́ tábìlì, ó sì ń fa ajere sókè sódò títí ètè wọn fi bo ibi tí gílóòbù máa wà kúrò lójú ìyá àgbà.

Nígbà tó máa parí, òjò ti ṣú, inú ilé sì ti dúdú. Ó tan súwíìṣì. Ajere méjì tàn yòò. Ẹ̀kẹta dákẹ́.

Kaothar ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ pa iná padà ni Àlàmú wọlé, tòun ti àpò iṣẹ́ léjìká.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

Àlàmú pa súwíìṣì ńlá, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó gun àkàbà, ó ń tú ìdí ajere wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kaothar di àkàbà mú, ó ń rò ó. Oníṣẹ́ iná tí ìyàwó rẹ̀ bá a fa iná ilé, kí ni àdúgbò máa wí?

"O tiẹ̀ so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin wọn, kí iná má baà gbé èèyàn," ni Àlàmú wí lókè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwọn ọmọṣẹ́ mi kan ò rántí ìyẹn. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá Màrdíyyàh, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, ta ló ń bá yín di àkàbà mú? Gbogbo nǹkan tí ẹ ń ṣe lẹ máa ń sọ jáde lẹ́nu."

Àlàmú rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di orí àkàbà mú. Ó yọ gílóòbù kẹta, ó mì í létí. "Iṣẹ́ rẹ ò ní àbùkù. Eléyìí ló ti kú. Níbo lo ti rí i?"

"Nínú àpò yín."

Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àlàmú ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tan iná padà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàn. Ìmọ́lẹ̀ rọra bọ́ sórí tábìlì, èyí tó sì gba inú ihò kọjá fọ́n sára ògiri àti sílíìnì títí gbogbo rẹ̀ fi dà bí ìyẹ́ ẹtù.

Màmá yọ jígí dúdú. Wọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wo ògiri yíká, wọ́n sì yíjú sí ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n.

"Àlàmú! Ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí?"

"Ó ti pẹ́, Màmá."

"Èmi ò sì rí i!" Wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n wá di ọwọ́ Kaothar mú, wọ́n tẹjú mọ́ ọn lójú fún ìgbà pípẹ́. "Wo bí ìyàwó mi ṣe rẹwà tó! Ẹ ò sì sọ fún mi."

Kaothar bú sẹ́rìn-ín. Omijé sì ti wà lójú òun náà.

Òjò dé, wọ́n gbé oúnjẹ sórí tábìlì. Munirat tó ń gbé yàrá kejì wá tọrọ iyọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbójú sókè, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Àlàmú fa àga fún un.

"Ìyàwó mi ló ṣe é," ló wí, kí Munirat tiẹ̀ tó béèrè.